Òjò, Òjó àti Òpó Wáyà Mẹ́ta

Fóònù tí Fúnkẹ́ ọmọ mi rà fún mi mọ nǹkan púpọ̀ nípa mi. Ó mọ iye ìṣísẹ̀ tí mo gbé láti yàrá mi dé kíṣìn, ó mọ̀ pé mò ń sùn jù, ó tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń ta dónọ́ọ̀tì tí mo tún yà sí lẹ́yìn tí dókítà ní kí n má yà síbẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Kí n má parọ́, èmi náà ò mọ̀ ọ́n dáadáa. Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀ ni èmi àti ìwé ti pínyà, a pínyà wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí ẹni tó sunkún nínú àwa méjèèjì. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ló ń bá mi fi àmì sórí èyí tí ẹ ń kà yìí. Tí ẹ bá rí àṣìṣe níbẹ̀, tiẹ̀ ni. Tí ẹ bá rí ọgbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tèmi ni.

Ilé Fúnkẹ́ ni mò ń gbé, ní Glenn Dale, lókè òkun níbí. Nọ́ọ̀sì ni, tó bá ti ibi ṣíìfù wákàtí méjìlá dé, bó ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni mo fi ń mọ irú ọjọ́ tó rí. Kúnlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé ní Upper Marlboro. Oṣù mẹ́rin rèé tí àwọn méjèèjì ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, èmi sì ni wọ́n ń jà lé lórí. Kúnlé ní òun ni àkọ́bí, òun ti tún béésìmẹ́ńtì òun ṣe, ibẹ̀ ló yẹ kí bàbá òun máa gbé. Fúnkẹ́ ní ta ló máa máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi nínú béésìmẹ́ńtì. Èmi tí mo fi ọdún méjìlá ṣe ṣẹ́kúríìtì ní ilé ìtajà kan ní District Heights, iṣẹ́ tí kò gbà ju kéèyàn jókòó kó sì jọ ẹni tó ń ronú, èmi náà ni mo wá di ẹrù tí wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Fúnkẹ́ á ní, "Dádì, ẹ sọ fún Bọ̀dá Kúnlé pé mi ò bínú o, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé mò ń bínú." Màá pe Kúnlé, màá ní àbúrò rẹ kí ọ. Kúnlé á ní, "Ẹ sọ fún un pé mo gbọ́, àmọ́ kó má rò pé mo gbọ́ o." Màá gbé fóònù sílẹ̀, màá ní ẹ̀gbọ́n rẹ ní o kú iṣẹ́. Wọ́n ti sọ mí di wáyà lọ́jọ́ ogbó mi. Iṣẹ́ wáyà ò sì ṣàjèjì sí mi, inú ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.

Bàbá mi ni Akọ̀wé Wáyà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lu ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí okùn, ní Ìdó-Àpáta, láyé ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí. Ọdún tí mò ń sọ yìí, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀yìn ilé wáyà gan-an ni wọ́n fún wa ní yàrá mẹ́ta, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹ̀rọ ìjọba àti ìkòkò ọbẹ̀ ìyá mi. Tí mo bá dijú nínú ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́ yìí, tó jẹ́ pé fìríìjì nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀, mo ṣì ń gbọ́ ilé yẹn. Mò ń gbọ́ ọlọ Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tó ń lọ ata ní kùtùkùtù bí ẹni tí ata ṣẹ̀. Mò ń gbọ́ ìgbálẹ̀ ìyá mi, àti ewúrẹ́ tó ń bá gbogbo wa jiyàn lórí èèpo iṣu. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀, kẹ́-kẹ́-kẹ̀ẹ̀, kẹ̀ẹ̀-kẹ́, bí ẹyẹ àkókó tó ń sọ igi tó sì ń dá ara rẹ̀ dúró láti ronú. Ìgò bátìrì mẹ́fà ló ń bọ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n sì ní kì í mu omi kànga, omi òjò nìkan ló ń mu. Iṣẹ́ tèmi nílé ni kí n máa ṣọ́ ìkòkò omi òjò, kí ewúrẹ́ má baà tẹnu bọ ohun ìní Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Èmi Òjó, tí mo gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, ni wọ́n fi ṣọ́ òjò. Bàbá mi máa ń sọ pé mo ti wé wáyà mọ́rùn láti inú ìyá mi wá, kò sí bí mi ò ṣe ní jogún iṣẹ́ òun. Kò tíì rí káàdì ilé ìwé mi nígbà yẹn ni.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ wáyà, ẹnu ẹ̀ á là. Á ní Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, tó bá fẹ́ bá ọ̀gá ẹ̀ sọ̀rọ̀, ọwọ́ òun ló máa gbà kọjá. Ọ̀gá yẹn á bá Èkó sọ̀rọ̀, Èkó á gba abẹ́ òkun bá Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀. "Okùn kan náà ni," á sọ bẹ́ẹ̀, á na ìka sí tábìlì ẹ̀, "láti orí pákó yìí títí dé ẹsẹ̀ Ọba òyìnbó." Ìyá mi, tó ń bu ẹ̀kọ gbígbóná fún un pẹ̀lú àkàrà, dá a lóhùn lọ́jọ́ kan láìgbójú sókè: "Okùn tó gùn tó yẹn, kò lè dé ọ̀dọ̀ ìyá mi?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Òkè-Ìrókò ni wọ́n ti bí ìyá mi, ìrìn wákàtí méjì péré sí wa, ìyá tó bí i sì wà níbẹ̀, àgbà obìnrin tí kò ní ọmọ míràn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti dí ju ọdún kan lọ. Òpó wáyà mẹ́ta ló dí i. Nígbà tí òyìnbó ń ri òpó, ó fi nọ́ńbà sára ìkọ̀ọ̀kan, ó wá pàṣẹ pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa ro ìdí èyí tó bá wà lórí ilẹ̀ ẹ̀. Àwa ní ilẹ̀ wa dé òpó kẹtàlélọ́gbọ̀n. Àwọn Òkè-Ìrókò ní irọ́ ni, ọgbọ̀n géérégé la ní. Ní gbogbo ayé tí mo rìn, mi ò tíì rí ibòmíràn tí àwọn èèyàn ti ń jà pé àwọn ni iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tọ́ sí. Wọ́n pàdé nídìí òpó kejìlélọ́gbọ̀n pẹ̀lú àdá tí wọ́n fi wá ro oko, wọ́n ya ara wọn láṣọ, ẹnì kan pàdánù eyín méjì. Kábíyèsí tiwa bá ní kí wọ́n fi màrìwò dí ọ̀nà. Ẹ mọ màrìwò: imọ̀ ọ̀pẹ tútù tí wọ́n fà ya, tí wọ́n so kọ́ ojú ọ̀nà. Kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò gbọ́ ohun tó ń wí. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣí i, ikùn ẹ̀ á wú. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tó ń kọjá láàárín ìlú méjèèjì bí kò ṣe wáyà tó ń gba orí màrìwò lọ láìkí ẹnikẹ́ni.

Ohun tí Akọ̀wé Wáyà ò gbọdọ̀ ṣe, tó jẹ́ pé tí ìjọba bá gbọ́ iṣẹ́ ẹ̀ á bọ́, ni kó fi okùn ìjọba kí àna ẹ̀. Bàbá mi ò ṣe é. Ó kàn ṣẹlẹ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Láyẹmí, ló wà nídìí ẹ̀rọ ní Òkè-Ìrókò, ó sì kàn ṣẹlẹ̀ pé ní ìrọ̀lẹ́, tí iṣẹ́ bá ti parí, ọwọ́ Láyẹmí á ṣèèṣì kan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bàbá mi á wọlé, á jókòó, á fi ìka kan ọmọrí abọ́ oúnjẹ: kó, kó, kó. Mẹ́ta túmọ̀ sí pé ìyá wà dáadáa. Ìyá mi á ṣí abọ́, a óò jẹun. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan, torí náà kò sí ẹni tó rú òfin. Èmi tilẹ̀ rò pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń gbàdúrà oúnjẹ nìyẹn. Mo ṣe é nílé ọ̀rẹ́ mi kan, wọ́n ní kí n má lu abọ́ àwọn.

Lẹ́yìn Kérésìmesì ọdún yẹn, nígbà tí ọyẹ́ mú tí ètè gbogbo wa bó, bàbá mi wọlé lọ́jọ́ kan, ó kan abọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá mi dúró. Ó ń retí ẹ̀kẹta. Kò dé. Ó lọ jókòó sẹ́yìn ilé nítòsí ìkòkò omi òjò mi, ó sì ṣe bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Màmá Àgbà sọ fún bàbá mi pé, "Ìwọ tó o ń bá Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀, bá ìlú tí mo lè ju òkò dé sọ̀rọ̀." Ìyá mi ní òun á ṣí màrìwò yẹn, kí ikùn òun wú, ikùn òun ti wú lẹ́ẹ̀mẹ́rin rí, kò sì pa òun. Bàbá mi ní kó fara balẹ̀, nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ lórí okùn.

Òótọ́ sì ni. Ajẹ́lẹ̀ ti lu wáyà sí àwọn ọba méjèèjì pé tí wọn ò bá parí ìjà kí oṣù tó kú, òun á hú gbogbo òpó, òun á gbé wáyà gba ọ̀nà ibòmíràn. Èyí já sí pé ìlú méjèèjì á pàdánù, wọ́n á gbé bàbá mi lọ sí ibi tó bá wù wọ́n, kíkan abọ́ náà á sì tán. Ni àwọn ọba bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà. Ọba Òkè-Ìrókò ní òun ò ní fi èdè òyìnbó bá ọba ẹlẹgbẹ́ òun sọ̀rọ̀, Yorùbá ni wọ́n á máa lù. Ojoojúmọ́ ni ẹmẹsẹ̀, ìránṣẹ́ ààfin, ń wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Kábíyèsí, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá ńlá tó kọ́kọ́ tẹ ìlú dó. Bàbá mi á gbọ́ ọ tán, á mi orí, á kọ ọ́ sílẹ̀: KABIYESI KI YIN. Ẹmẹsẹ̀ á ní, "Akọ̀wé, ibo ni ìyókù?" Bàbá mi á ní, "Ó wà nínú KI." Báyìí ni wọ́n ṣe ń ki ara wọn ní ṣókí-ṣókí títí wọ́n fi fẹnu kò: lọ́jọ́ ọjà wa tó ń bọ̀, ọba Òkè-Ìrókò àti àwọn ìjòyè ẹ̀ á wá sí Ìdó-Àpáta, wọ́n á jọ pa obì, òpó mẹ́ta yẹn á di ti àjùmọ̀ní. Lẹ́yìn obì, ọ̀nà á ṣí. Ìyá mi ti di ẹrù ẹ̀ kí wọ́n tó fẹnu kò tán.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó rántí mi. Ìyá mi ń din ọ̀jọ̀jọ̀ tí wọ́n máa gbé lọ sí ààfin fún àwọn ará ìlú ẹ̀, bàbá mi ń fi eérú fọ bọ́tìnnì kóòtù ẹ̀. Èmi bá lọ fetí sí òpó. Àṣà mi ni. Tí ẹ bá gbé etí lé òpó wáyà, ó máa ń kùn bí ilé oyin, èmi sì gbà pé inú kíkùn yẹn ni ìyá ìyá mi wà. Mo dé ìdí òpó ọgbọ̀n, mo rí màrìwò nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò mọ̀: mi ò mọ̀ pé àwọn ẹmẹsẹ̀ ló ti tú u ní ìdájí nítorí àlejò. Ohun tí mo mọ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́, màrìwò wà nílẹ̀, èmi nìkan ni mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ikùn ta ni wọ́n máa sọ pé kó wú? Mo gbé e, mo so ó padà. Mo so ó dáadáa. Mo ta kókó méjì. Mo tiẹ̀ fà á wò. Láyé mi, iṣẹ́ tí mo ṣe tó péye kò pọ̀, èyí wà lára wọn. Mo wá sáré gba ẹ̀yìn oko padà sílé kí n tó pẹ́ fún ọ̀jọ̀jọ̀.

Gbogbo ìlú dúró. Oòrùn dé àtàrí, ó kọjá àtàrí. Iyán tutù, Kábíyèsí nínú aṣọ àrán rẹ̀ ń làágùn nínú ọyẹ́. Kò sí ẹni tó wá. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, bàbá mi kọ ọ́ sílẹ̀, ó wò ó, ó tún un wò. Ó wọ kóòtù, ó ní kí ìyá mi má tíì tú ẹrù, ó gba ààfin lọ. Mo tẹ̀ lé e, torí pé ọ̀jọ̀jọ̀ wà níbẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé náà nìyí: OJO KO JE KI A WA.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀rọ òyìnbó ní ohùn méjì péré, kúkurú àti gígùn. Èdè tiwa ní mẹ́ta, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ibi tí ẹ̀kẹta yẹn já bọ́ sí lójú ọ̀nà ni gbogbo wàhálà ti wá.

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó kà á bó ṣe dé: "Ojo ko je ki a wa." Kò gbé e sókè, kò gbé e sísàlẹ̀. Bí ẹni tí òtútù mú ló ṣe kà á.

Kábíyèsí ní, "Akọ̀wé, kà á bí èèyàn."

"Kábíyèsí, bó ṣe dé nìyẹn. Mo ti búra fún ìjọba pé mi ò ní fi kún un, mi ò ní yọ nínú ẹ̀."

Balógun, tó ń wá ìjà láti àárọ̀, gba ìwé náà bí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. "Kí ló tún kù? Ojo! Kò jẹ́ kí á wá. Wọ́n ń pe Kábíyèsí ní ojo. Wọ́n ní ẹ̀rù bà á, òun ni kò jẹ́ kí àwọn wá."

Ọ̀tún, tó dàgbà jù nínú àwọn ìjòyè, ní, "Rárá o. Ọjọ́ ni. Ọjọ́ kò jẹ́. Wọ́n ní ọjọ́ tí a dá burú."

"Àwọn náà kọ́ la jọ dá a?" Balógun dáhùn. "Akọ̀wé, àna rẹ ni wọ́n. Kí ni wọ́n ní lọ́kàn?"

Mo rí bàbá mi tó fi ahọ́n kan ètè. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ó ti mọ ohun tó wà níbẹ̀ látìgbà tó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Òjò ni. Ṣùgbọ́n inú ọyẹ́ la wà, eruku wà nínú eyín gbogbo wa, oṣù méjì ni ojú ọ̀run ò ti ṣú. Tí ọkọ ọmọ Òkè-Ìrókò bá dìde láàárín ààfin pé òjò ló dá wọn dúró, wọ́n á ní ó ń fi ẹnu àna jẹun. Ó ní, "Kábíyèsí, èmi ò mọ̀." Mi ò tíì gbọ́ kó sọ bẹ́ẹ̀ rí nípa wáyà.

Balógun ní kó lu èsì padà lẹ́sẹ̀ kan náà: "Kọ ọ́ pé ẹni tó bá jẹ́ ojo, kó dúró sílé, kẹ́ni tí kì í ṣe ojo wá pàdé wa nídìí òpó." Bàbá mi di kálámù mú, kò kọ nǹkan kan. Tó bá lu ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀nà ò ní ṣí mọ́ láyé ìyá ìyá mi. Tí kò bá lù ú, ó ti ṣàìgbọràn sí ọba. Ìgbà yẹn ni Ọ̀tún wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, ó lè jẹ́ orúkọ èèyàn. Òjó. Òjó kò jẹ́ kí á wá. Bóyá Òjó kan wà nínú ìlú yìí tó lọ ṣe wọ́n ní nǹkan."

Kábíyèsí rò ó. Ó ní kí wọ́n lọ kó gbogbo Òjó ìlú wá.

A pé méje. Mi ò mọ̀ pé a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tò wá sójú kan: Òjó tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, Òjó ọdẹ, Òjó tó jẹ́ pé ìyàwó ẹ̀ ló tì í wá, àwọn méjì míràn tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀, Bàbá Òjó arúgbó tí kò gbọ́ràn mọ́ tí wọ́n gbé wá, àti èmi lẹ́yìn pátápátá. Ẹmẹsẹ̀ ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ṣé ìwọ ni kò jẹ́ kí wọ́n wá?" Òjó oníkẹ̀kẹ́ ní àtàárọ̀ lòun ti ń lẹ táyà. Òjó ọdẹ ní òun ò rí èèyàn pa rí, ẹranko gan-an òun ò rí pa lóṣù yìí. Wọ́n kígbe sí Bàbá Òjó létí, ó ní, "Mo ti jẹun, Kábíyèsí, ẹ ṣé." Gbogbo ààfin ń rẹ́rìn-ín, àfi èmi. Nínú orí tèmi, kò sí ohun tó rújú nínú ìwé yẹn. Wáyà ti rí mi. Mo so màrìwò lójú ẹ̀ gan-an, ó kùn ún lọ sí Òkè-Ìrókò, ó sì dárúkọ mi.

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi ni mo ti dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Èmi ni, Kábíyèsí."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni Òjó tí kò jẹ́ kí wọ́n wá."

Ẹ̀rín dá. Mo sọ gbogbo ẹ̀: etí tí mo gbé lé òpó, afẹ́fẹ́, ikùn wíwú, kókó méjì. Bàbá mi wò mí bí ẹni tó ń ka wáyà tí wọ́n lù sódì. Kábíyèsí yíjú sí àwọn ẹmẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tú màrìwò láàárọ̀, ẹ fi sílẹ̀ nílẹ̀?" Àwọn ẹmẹsẹ̀ wo ẹsẹ̀ ara wọn.

"Ó dáa," ni Kábíyèsí wí. "Wọ́n wá. Wọ́n dé ìdí òpó. Wọ́n bá ọ̀nà tí a pè wọ́n sí ní dídí, pẹ̀lú kókó méjì. Kí ló yẹ kí wọ́n lù sí wa? Èébú. Kí ni wọ́n lù? Akọ̀wé, sọ ọ́, mo ti mọ̀ ọ́n."

Bàbá mi ní, "Òjò kò jẹ́ kí á wá."

"Òjò nínú ọyẹ́, Kábíyèsí?" Balógun ní.

"Òjò nínú ọyẹ́. Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn. Wọ́n fẹ́ ká mọ̀ pé irọ́ ni. A ti dójú ti ara wa, wọ́n wá fi òjò bò ó fún wa." Ó yíjú sí Balógun. "A rán wọn níṣẹ́ ẹrú, wọ́n fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìwọ fẹ́ kí n fi tẹrú dá wọn lóhùn." Ó wá ní kí bàbá mi kọ èsì. Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá ńlá kankan lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní: "Òjò ti dá. Ẹ máa bọ̀."

Bàbá mi kọ ọ́, ó ṣẹ́jú sí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré, kò sí ohun tí a máa yọ kúrò. Mo rò pé inú ẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀ pé Kábíyèsí ti kọ́ iṣẹ́ òun.

Ó ku ẹjọ́ tèmi. Kábíyèsí ní ẹni tó so ó ni yóò tú u, lọ́la, kí oòrùn tó mú. Ó tún wo bàbá mi. "Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré ni, ọ̀nà jìn. Ìyá ẹ̀ ni kó mú un lọ. Tí ó bá ti mú un dé ibẹ̀, a ò ní bi í bóyá ó yára padà." Ìyẹn ni pé kí wọ́n tó pa obì, kí ìjòyè kankan tó gbé ẹsẹ̀, ọmọ Òkè-Ìrókò ló máa kọ́kọ́ kọjá lójú ọ̀nà yẹn. Mo gbà pé ìjìyà ni wọ́n fún wa. Mo sunkún dé ilé.

Kókó méjì yẹn yi. Ìka mi ò ràn án, eyín ni mo fi tú u, ìyá mi dúró tì mí pẹ̀lú ẹrù lórí, ó ń ní kí n máa fà á sápá òsì. Nígbà tó já, kò dúró kó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gba ìdí òpó kọkànlélọ́gbọ̀n, ó gba kejì, ó gba kẹta, tó fi jẹ́ pé mo ní láti sáré. Ìyá ìyá mi jókòó lórí ẹní, ó ti rù, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ mọ́. Òun ló sọ ìyókù fún wa. Ó ní àwọn ìjòyè dé ìdí òpó lóòótọ́, wọ́n rí màrìwò, àwọn ọ̀dọ́ ní kí àwọn padà lọ kó nǹkan ìjà. Ọba wọn jókòó sórí gbòǹgbò igi, oòrùn ń jó o lórí, ó gbé ọwọ́ síta bí ẹni tó ń wò ó bóyá nǹkan ń kán. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, òjò yìí mà pọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Gbogbo wọn wo òkè. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà fi agbádá bo orí, àwọn yòókù náà fi bo orí, wọ́n sáré padà sílé nínú oòrùn. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi ò sí nílé, ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ní bàbá mi dé, ó jókòó síwájú abọ́, ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Màmá Àgbà bi í pé kí ni ẹ̀kẹrin. Ó ní Òjó ni.

Oṣù mẹ́jọ ni ìyá mi fi ń lọ tó ń bọ̀ lọ́nà yẹn kí ìyá ẹ̀ tó kú, ọwọ́ ẹ̀ ló sì kú sí. Màmá Àgbà á ní òjò ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ, á sì wò mí bí ẹni pé èmi ni mo rọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Sunday tó kọjá, mo ní kí Kúnlé wá jẹun pẹ̀lú wa. Ìgbà àkọ́kọ́ nínú oṣù mẹ́rin nìyẹn. Fúnkẹ́ ò sọ pé kó wá, kò sọ pé kó má wá, ṣùgbọ́n ó fi ọjọ́ ìsinmi ẹ̀ din ọ̀jọ̀jọ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nìkan ló sì fẹ́ràn ọ̀jọ̀jọ̀ nílé yìí. A dúró títí. Ọkọ̀ Kúnlé ò dún lẹ́nu ọ̀nà. Fóònù mi ló dún. Mo wọ awò ojú, mo kà á, mo sì ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ní òjò ni ò jẹ́ kí òun wá."

Fúnkẹ́ lọ sójú fèrèsé. Oòrùn ń tàn sórí ọkọ̀ rẹ̀ débi pé kò ṣeé wò. "Dádì, which rain?"

Mi ò mọ ohun tó dí ọ̀nà fún Kúnlé. Ó lè jẹ́ pé ó wakọ̀ dé ìkángun òpópónà wa, ó rí nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa so síbẹ̀ láìmọ̀, ó sì yí padà. Mo ti rìn jìnnà, mi ò kàwé, ṣùgbọ́n ìwé yẹn mo mọ̀ ọ́n kà. Mo na fóònù sí i.

"Ìka mi ti le," mo ní. "Bá mi dá a lóhùn. Sọ pé ó ti dá, kó máa bọ̀."

Ó di fóònù mú, ó ń wò mí, ó ń wo oòrùn. Lẹ́yìn náà ló jókòó síwájú àwo ọ̀jọ̀jọ̀ tó ti tutù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àtàǹpàkò méjèèjì, OJO TI DA, kò fi àmì kankan sí i.